Ohun tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ń sọ ní Houston

Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín lórí I-10 ní Houston ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ pa rédíò, kí ẹ máa ka ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú yín. Ẹni tó ń wà á ti fi sítíkà ro ẹjọ́ ara rẹ̀ síbẹ̀: ẹni tó dìbò fún, ohun tó gbà gbọ́ nípa ìbọn, ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́, bó ṣe rí ọlọ́pàá sí, ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, títí dé irú ajá tó ń sìn. Ẹ ò tíì rí ojú rẹ̀ o. Ẹ ò sì ní í rí i, torí á yà sọ́nà tirẹ̀ ní Beltway 8, ẹ̀yin náà á máa bá tiyín lọ.

Kì í ṣe pé a ò mọ ọ̀rọ̀ kíkọ sára ọkọ̀ nílé. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn yangàn lójú ọmọ Mushin? Dánfó kan á kọ "Ìyá ni wúrà", òmíràn á kọ "Ẹ̀dá ò láròpin", tírélà á kọ "Ọlọ́run ò sùn". Àdúrà ni, òwe ni, ìkìlọ̀ fún ọ̀tá ni. Ti òṣèlú ṣọ̀wọ́n lára ọkọ̀ aládàáni, àfi lásìkò ìbò, lára ọkọ̀ tí olóṣèlú bá ń sanwó epo rẹ̀. Àwọn òbí wa sì ní ìdí tiwọn. Lẹ́yìn ìbò Western Region ní oṣù kẹwàá 1965, nígbà Wẹtiẹ̀, ẹni tí wọ́n bá mọ ẹgbẹ́ tó wà, bẹntiróòlù ni wọ́n ń dà sí i lára, sára ilé rẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó ṣáná sí i. Ẹni tó gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀ kò ní sáré kọ orúkọ olóṣèlú sẹ́yìn ọkọ̀ tí kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán.

Níbí, ìpolówó ọjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ. Tẹ́lẹ̀, páálí ni wọ́n ń fi wáyà so mọ́ bọ́ńpà. Òjò á rọ̀, páálí á já. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Forest Gill, atẹ̀wé kan ní Kansas City, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀dà tó ń tàn yòò. Nígbà tí Eisenhower fi máa du ipò ààrẹ ní 1952, àwọn olóṣèlú ti rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ dára ju ara ògiri lọ, torí ògiri kì í rìn. Bọ́ńpà ayé ìgbà yẹn, irin dídán ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sórí ẹ̀.

Ní Texas, àwọn sítíkà kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn wọn kí ẹ tó lè kà wọ́n. Ẹ óò rí àsíá funfun kan, ìràwọ̀ dúdú lókè, ìbọn àgbá nísàlẹ̀ rẹ̀, COME AND TAKE IT lábẹ́ méjèèjì. Ní 1835, àwọn ọmọ ogun Mexico wá sí Gonzales láti gba ìbọn àgbá kan tí ìjọba Mexico fún àwọn ará ìlú náà tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ìlú ní kí wọ́n wá gbà á bí wọ́n bá tó bẹ́ẹ̀. Lónìí, lára sítíkà mìíràn, ìbọn ìgbàlódé ló wà níbi tí ìbọn àgbá wà, ẹni tí wọ́n sì ń bá wí ni ìjọba Washington. Àwọn mìíràn á tún lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn wọn mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Àwọn ọlọ́pàá pàápàá ń kìlọ̀ pé irú ẹ̀ ń júwe fún olè ibi tí ìbọn wà. Ohun tó ń sọ fún èmi ni pé kí n gbọ́wọ́ kúrò lórí fèrè. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin ò dí lọ́wọ́, lè gbé ìbọn kiri ní Texas láìgba ìwé àṣẹ. Ti inú ọkọ̀ sì ti wà ṣáájú ìyẹn tipẹ́. Bí iná bá ti di aláwọ̀ ewé tí ọ̀gá ò tíì gbéra, mo ní sùúrù.

Ẹ má rò pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni mò ń bá wí. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Colorado State University gbé ìwádìí kan jáde tó pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí sítíkà bá ṣe pọ̀ tó lára ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń fi ọkọ̀ bínú tó, àti pé ohun tí sítíkà náà wí kò yí i padà. Ẹni tó kọ àlàáfíà àti ẹni tó kọ èébú, ọgbọọgba ni wọ́n. Àlàyé wọn ni pé ẹni tó ti ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ti sọ ọ́ di ilé ara rẹ̀, ó wá gbàgbé pé ojú títì jẹ́ ti gbogbo ayé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Subaru kan tí wọ́n lẹ COEXIST mọ́, èyí tí wọ́n fi oṣù àti ìràwọ̀ Mùsùlùmí, ìràwọ̀ Dáfídì àti àgbélébùú ya lẹ́tà rẹ̀, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tì mí sí kòtò ní Montrose, àdúgbò kan láàárín Houston, lọ́jọ́ kan. Ó fẹ́ ká jọ máa gbé pọ̀. Kò fẹ́ ká jọ máa wakọ̀ pọ̀.

Ọkọ̀ tí kò ní sítíkà ńkọ́? Ní 2017, Timnit Gebru, tí wọ́n bí sí Addis Ababa tó sì kàwé gboyè ní Stanford, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwòrán mílíọ̀nù 50 láti orí Google Street View ní ìlú 200 ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa dá irú ọkọ̀ tó bá rí níbẹ̀ mọ̀. Níbi tí kàá bá ti pọ̀ ju píkọ́ọ̀pù lọ, ó tó ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún pé ìlú náà á dìbò fún Democrat. Níbi tí píkọ́ọ̀pù bá ti pọ̀ jù, ìdá 82 pé Republican ni wọ́n á dìbò fún. Ojú lásán tó o níbí. Ẹ gbéra ní Montrose, ẹ gba I-45 lọ sápá àríwá, ẹ kọjá The Woodlands títí dé Conroe, ẹ óò rí i bí ọkọ̀ ṣe ń ga sí i tí táyà ń tóbi sí i. Ẹ ti kúrò ní Harris County, níbi tí Houston wà, tó ń dìbò ààrẹ fún Democrat láti 2008, ẹ ti wọ Montgomery County tí Republican kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ìlú ni ìwádìí yẹn ń kà, kì í ṣe èèyàn. Ẹni kan ṣoṣo tó wà níwájú yín, ìdá 88 ò lè mú un fún yín. Àwa Yorùbá la jẹ́ kó yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Alief ra Toyota Tundra, dúdú, ó ga débi pé ìyàwó rẹ̀ ń di nǹkan mú kó tó gùn ún. Ìdí tó fi rà á ni pé tó bá lò ó tán, á gbé e sọ́kọ̀ ojú omi, á sì rí owó gidi lórí ẹ̀ l'Ékòó. Láti ìgbà náà làwọn òyìnbó onípíkọ́ọ̀pù ti ń juwọ́ sí i bí ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀kan bá a níbi tó ti ń rọ epo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Biden fún un bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń dìbò fún Democrat láti ọjọ́ tó ti búra di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà! Ó ní òun kàn ń mirí, òun ń wo owó tó ń sáré lára pọ́ǹpù. Ní ti owó epo yẹn, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kúkú papọ̀.

Ọkọ̀ sì lè yí ẹgbẹ́ padà mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹnjiníà, ra Tesla, ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, ní 2019 kó lè sinmi lọ́wọ́ owó epo. Nígbà yẹn, ohun tí àwọn èèyàn ń rò nípa ẹni tó bá wa Tesla ní Texas ni pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ayé ń dùn ún, bóyá kì í jẹ màlúù pàápàá. Elon Musk, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Tesla, ra Twitter ní oṣù kẹwàá 2022, ó kéde fún Trump ní oṣù keje 2024, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ó ti wà nínú ìjọba, ó ń dín òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n ń da ọ̀dà sára Tesla kiri, wọ́n dáná sun àwọn kan. Ọ̀rẹ́ mi ò kúrò lójú kan, kò pààrọ̀ ọkọ̀, àmọ́ irú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí i tẹ́lẹ̀ ló ń na ìka sí i báyìí. Ló bá lọ ra sítíkà tó ń tà wàràwàrà nígbà náà, èyí tó ń sọ pé ẹni tó ni ọkọ̀ ti rà á kó tó mọ̀ pé Elon ya wèrè. Mo ní ṣé kò ní í dáa kó kọ "owó epo ni" síbẹ̀. Ó ní ta ló máa kà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù lójú tèmi ni ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní oṣù kẹjọ 2024. Bàbá Tọ́míwá ti lẹ TRUMP mọ́ bọ́ńpà Camry ilé wọn. Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ ni tirẹ̀, kò gbọ́ èyí tó kù. Ìyá Tọ́míwá, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, jáde nínú ìsìn, gèlè lórí, ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀.

"Bàbá Tọ́míwá, ta ló lẹ nǹkan yìí?"

"Èmi ni. Ṣé kì í ṣe ìjọba tiwa-n-tiwa la wà ni?"

"Tiwa-n-tiwa, àbí tiyín nìkan? Ta ló ń gbé ọkọ̀ yìí lọ síbi iṣẹ́ lóru? Ṣé ẹ bá mi mọ àwọn tá a jọ ń gbọ́kọ̀ síbẹ̀?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?"

"Èmi tá a jọ ń sùn nílé, mi ò tíì sọ ẹni tí mo fẹ́ dìbò fún fún yín. Ẹ wá ń bá mi sọ ọ́ fún gbogbo Houston."

Bàbá wojú ìyá. Ó jọ pé ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ yé e pé ìbò méjì ló ń gbé ọkọ̀ kan náà.

Oòrùn Texas sì ti yan bébà náà mọ́ ọ̀dà. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí ìyá fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ, wọ́n fi káàdì àtijọ́ họ ọ́, wọ́n fi òróró nù ún. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló tètè ṣí, ó wá ṣẹ́ ku RUMP, ìyẹn ìdí lédè òyìnbó, èyí sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Bàbá wá lọ ra èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, tó ṣeé lẹ̀ tó ṣeé yọ. Bọ́ńpà kọ̀ ọ́, torí ike ni bọ́ńpà òde òní, àfi kó gbé e sókè sára ìdérí búùtù. (Píkọ́ọ̀pù gan-an ò tiẹ̀ rójú èyí: ara Ford F-150 ti di alumíníọ̀mù láti ti 2015, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sì í mú un.) Bí ìyá bá ń lọ síbi iṣẹ́, á yọ ọ́ jù sí gáréèjì. Bí bàbá bá ń lọ sọ́jà, á tún lẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí mo mọ̀ níbí, ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn mọ́ fónífóní. Wọ́n á ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi wá gbà pé àwa ò ka òṣèlú sí. Ká ní wọ́n dé gbọ̀ngàn ìsọmọlórúkọ kan rí nígbà tí wọ́n bá ti pín ọtí tán! Ẹni tó ní gíríìn káàdì kò gbọdọ̀ dìbò yan ààrẹ. Bó bá dì í, ó rú òfin ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì lè torí ẹ̀ dá a padà sílé. Òfin ò ní kó má lẹ sítíkà, kódà ó lè dáwó fún olóṣèlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kó owó fún lọ́yà kí ìwé rẹ̀ tó jáde kì í fẹ́ dúró ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni lẹ́bàá ọ̀nà. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún le jù. Látìgbà tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé físà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní 2025 nítorí ohun tí wọ́n sọ tàbí tí wọ́n kọ nípa Palestine, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ti yọ àsíá kékeré kúrò lára gíláàsì rẹ̀. Mi ò bá a wí.

Dídákẹ́ náà kúkú ní òfin tó ń gbè é. Ní New Hampshire, "Live Free or Die", ìyẹn ẹ wà lómìnira tàbí kí ẹ kú, ló wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ aráàlú. George Maynard, Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ní ìgbàgbọ́ òun kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó bo ibẹ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn fún un, kò san án, ó sì fẹ̀wọ̀n ọjọ́ 15 jura. Ní 1977, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre: ìjọba ò lè sọ ọkọ̀ èèyàn di pátákó fún ọ̀rọ̀ tí kò gbà gbọ́. Òun ni mo máa ń dárúkọ bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí n kò lẹ orúkọ ẹnì kankan.

Sítíkà kan ṣoṣo ni mo rí tí àwọn èèyàn wa ń wá lójú méjèèjì, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n dìbò fún: èyí tí ẹgbẹ́ tó ń dáwó ran ẹbí ọlọ́pàá lọ́wọ́ máa ń fún ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ti wakọ̀ ní Nàìjíríà mọ ohun tí wọ́n ń wá. Nílé, lọ́yà á lẹ NBA, oníròyìn á lẹ PRESS, ẹni tí àna rẹ̀ jẹ́ sójà á gbé fìlà sójà síwájú ọkọ̀, ẹni tí kò ní ọ̀kankan á lẹ Redeemed tàbí NASFAT, bóyá ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ á jẹ́ ọmọ ìjọ kan náà. Ẹ má dá mi dúró, mo lẹ́nìkan: kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan dáwó, ó gba tirẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ síbi tí afọ́jú pàápàá á ti rí i. Ọlọ́pàá dá a dúró lórí eré àsápajúdé. Ọkùnrin náà wo sítíkà, inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ àwọn opó ọlọ́pàá, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù díẹ̀, ó wá kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ó ní bí kì í bá ṣe ti sítíkà yẹn ni, owó ibẹ̀ ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.