Kò Wù Mí Jẹ

Ọjọ́bọ̀. Mo tún wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òjò rọ̀, iná ò sí, mo ra ewùrà ní Òkè-Àjẹ́. Ó parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí màámi ń sọ fún aládùúgbò lójú fèrèsé ni ò kúrò létí mi. Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ebi ń pa mí o. Kò kàn wù mí jẹ ni."

Mo ti ń pe méjèèjì ní nǹkan kan náà tẹ́lẹ̀.

Mo wọ yàrá, mo lọ wo "appetite", ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe kí oúnjẹ máa wuni jẹ, lórí fóònù, bí ẹni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń ṣe màámi. Látìn ni: ad ni "sí", petere ni kéèyàn máa wá nǹkan lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló gbà dé èdè Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1300. Inú petere yìí kan náà ni "petition" ti jáde. Á jẹ́ pé ọmọ ìyá ni ẹni tó ń kọ pẹtíṣọ̀n àti ẹni tó ń wá ọ̀nà dé ìdí ìkòkò! Mo dá rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ti àwọn ará Róòmù, èèyàn ló ń dìde tọ oúnjẹ lọ. Tiwa, èèyàn jókòó ni, oúnjẹ ló ń wù ú. Ebi náà kúkú ni, òun ló ń pa ni. Á jẹ́ pé màámi ò kọ oúnjẹ mi. Oúnjẹ ni ò wù wọ́n. Àbí ìkọ́kọrẹ́ mi ni ò dùn? Ó dùn jàre. Ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, epo rẹ̀ ń ta sánsán.

Ta ni mo ń tàn ná? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Àwo méjì ni wọ́n ṣì ń gbé kalẹ̀, wọ́n á wá dá ọ̀kan padà sí…

Ó dáa.

Nírọ̀lẹ́, mo bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń mu gààrí. Gààrí! Lẹ́yìn ewùrà tí mo rin tí ọwọ́ mi ṣì ń yún mí! Inú bí mi, ojú tì mí, mo tún fẹ́ jó. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀pà. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Omi ẹ̀ ò tó," ni wọ́n wí.

Mo lọ bu omi.