Àwọn tí Andrew Foster fa iléèwé adití lé lọ́wọ́

Iye owó tó ń wọlé àti iye ilé tí wọ́n kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń mọ̀ bóyá àjọ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn akanda ẹ̀dá ń gbèrú. Èmi a máa kọ́kọ́ wo ẹni tí olùdásílẹ̀ ń múra sílẹ̀ láti gba ipò rẹ̀, ìtàn Andrew Foster ló sì kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1925, àìsàn sì sọ ọ́ di adití nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Òun ni a kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ní 1956 ó dá àjọ míṣọ́nnárì kan sílẹ̀ fún àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà; ó ṣí iléèwé ní Accra ní 1957, ó sì dé Ìbàdàn ní 1960.

Owó àjọ náà kò pọ̀ rárá. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀ ni pé, bó bá ti dá iléèwé kan sílẹ̀, tó sì rí ẹni tó lè mójú tó o, yóò fà á lé e lọ́wọ́, yóò sì gba ìlú mìíràn lọ. Àwọn adití tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ wà lára àwọn tó ń gba iṣẹ́ náà, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ wa kò gbà pé adití lè kàwé, áḿbọ̀sìbọ́sí kó di olùkọ́. Ìbàdàn yìí kan náà ló ti ń kó àwọn adití láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé jọ, tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ olùkọ́. Iṣẹ́ náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Tógò àti Benin. (Àwọn onímọ̀ èdè kan ń ráhùn pé èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà tó kó wá ti èdè ọwọ́ ìbílẹ̀ sẹ́yìn, ìráhùn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.)

Nígbà tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní oṣù Kejìlá 1987, iléèwé tó ti dá sílẹ̀ ti lé ní 30. Ìyàwó rẹ̀, Berta, ọmọ Jámánì tó jẹ́ adití bíi tirẹ̀, ló ń bá iṣẹ́ àjọ náà lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gallaudet ti ẹnubodè iléèwé wọn pa, nítorí pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ tún yan ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́ràn sípò ààrẹ. Adití kankan kò tíì darí ibẹ̀ láti 1864, bẹ́ẹ̀ àwọn adití ti ń darí iléèwé ní Áfíríkà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, I. King Jordan di ààrẹ, Philip Bravin, adití mìíràn, di alága ìgbìmọ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn adití ni yóò pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní tèmi, àdéhùn ìkẹyìn yìí ló níye lórí jù, torí pé ìgbìmọ̀ ni yóò yan ààrẹ tó kàn.