Tẹ́tẹ́ orí ẹṣin tó ti gbéra

"Àbúrò, èmi kì í fowó lé ẹṣin tí kò tíì gbéra." Ẹ̀gbọ́n kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nílé tẹ́tẹ́ kan ní Tánkè lánàá, bí wọ́n ṣe ń fi eré ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn. (Ẹṣin ọjọ́ Dọ́bà tí mò ń wò n'Ílọrin kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi o!)

Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ẹṣin tó bá ṣe bí ẹní sùn lójú ìlà, wàá ti rí i kówó tó jáde lápò.

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìsinsìnyí lohun tí ẹ̀ ń wò yẹn ń ṣẹlẹ̀?" Wọ́n wò mí. Àwòrán máa ń pẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kó tó dé ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó dúró létí pápá ti rí i, ó ti ta tẹ́tẹ́ tiẹ̀, iye tí wọ́n máa san sì ti yí padà kí íntánẹ́ẹ̀tì tiwa tó mí.

Pé ẹṣin wà níwájú gan-an ò ṣe é gbára lé. Ní Grand National 1956, eré ẹṣin ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹṣin ti ń fo ìdènà, Devon Loch, ẹṣin ìyá Ọbabìnrin Elizabeth, ti fo gbogbo ìdènà tán, ó ń lọ gba ipò kìíní. Ó kù fẹ́ẹ́rẹ́ kó débi òpin, ló bá dojú délẹ̀. Ẹṣin mìíràn, E.S.B., kọjá lára rẹ̀, ó borí.