Jẹ́n gbé ẹ ṣubú nínú ilé, lórí iṣẹ́ ọ̀gá: ta ló máa san owó ọsibítù?

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwa tá à ń jókòó sílé ṣiṣẹ́ yìí, torí mo rí i pé a ti ń pọ̀ gan-an lápá ibí, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Láti ìgbà kòrónà làwọn ọ̀gá ti rí i pé iṣẹ́ ń lọ bí èèyàn ò tiẹ̀ dé ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ wa tí owó ilé Èkó àti Àbújá ti sú bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù bọ̀ wálé, ọ̀kan ní Kàbà, ọ̀kan n'Íyàrá, òmíràn n'Ísánlú, wọ́n ra láptọ́ọ̀pù, wọ́n ra jẹ́n kékeré, wọ́n wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa nínú ilé, wọ́n gbé tábìlì síbẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kọ́sítọ́mà tó ń pariwo láti Ìkẹjà ò mọ̀ pé àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìn ẹni tó ń dá òun lóhùn, àkùkọ Ìyàrá ni.

Ìyẹn dáa. Àmọ́ bí iṣẹ́ yẹn bá ṣe èèyàn léṣe nínú ilé ńkọ́, owó ọsibítù dọwọ́ ta? Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé "háà, ṣebí ilé ẹ ni, ìwọ náà ni." Irọ́ ni o. Òfin Nàìjíríà ò sọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ló sọ mí di ẹni tó ń ka òfin lóru. Kọ́sítọ́mà kéà ló ń ṣe fún kọ́ńpìnnì kan l'Ékòó tí mi ò ní dárúkọ, láti ilé wọn n'Íyàrá. Lálẹ́ ọjọ́ kan tó wà lórí iṣẹ́, NEPA mú iná lọ (ẹ má bi mí ìgbà tí wọ́n dá a padà), báàtìrì láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ti gbó, kò lè gbé e jìnnà, ló bá sáré jáde lọ fa jẹ́n lẹ́yìnkùlé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, sìmẹ́ǹtì ń yọ̀, ó ṣubú, ó fọwọ́ gbalẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún sì kán. Màmá ẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, a bẹ̀ wọ́n títí ká tó gbé e dé ọsibítù ní Kàbà, X-ray, POP, òògùn, àpò ilé ni gbogbo ẹ̀ ti jáde. Nígbà tó pe HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì, wọ́n bá a kẹ́dùn dáadáa o, wọ́n ní kó sinmi, ṣùgbọ́n ní ti owó, "àgbàlá yín ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọ́fíìsì wa." Fóònù wà lórí sípíkà, màmá gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n, ta ló ti ń jèrè iṣẹ́ tí ọmọ yìí ń ṣe nínú àgbàlá wa látọjọ́ yìí?" Mi ò rò pé lọ́yà kankan lè béèrè ohun tó ju ìyẹn lọ.

Òfin tó kàn án ni wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act, Goodluck Jonathan ló fọwọ́ sí i ní December 2010, òun ló rọ́pò òfin Workmen's Compensation àtijọ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́, ì báà jẹ́ ìjọba ì báà jẹ́ aládàáni, á máa san ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ sínú àpò kan, látinú àpò yẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa tàbí tó gba àìsàn nídìí iṣẹ́. Ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ owó yẹn lára owó oṣù yín. Ẹ ò sì ní láti fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi kí wọ́n tó dá yín lóhùn, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé iṣẹ́ ló fà á. Bí ìpalára bá le débi pé èèyàn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láyé ẹ̀, 90% owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n á máa san fún un lóṣooṣù. Bó bá kú tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, 90% náà ni fún wọn. Owó gidi nìyẹn, kì í ṣe owó "ẹ fi ra mínírà."

Ibi tó kan àwa ará ilé wà ní abala 11. Ó ní bí èèyàn bá fara pa níbòmíràn tó yàtọ̀ sí ibi iṣẹ́ tó mọ́ ọn lára, owó ṣì tọ́ sí i bí irú òwò ọ̀gá bá kọjá inú ọgbà ilé-iṣẹ́, tàbí bí iṣẹ́ ẹni yẹn bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú àti níta, tàbí (ẹ gbọ́ èyí dáadáa) bí ọ̀gá bá fún un láṣẹ tàbí fọwọ́ sí i pé kó máa ṣiṣẹ́ níta. Ó parí. Ní 2010 tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ Zoom ni wọ́n ti kọ ọ́. Torí náà "àgbàlá yín ni" kì í ṣe èsì, ohun tó yẹ kí HR béèrè ni pé kí lo ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀, ta ló sì ní kó o wà níbẹ̀.

Àwọn òyìnbó ti ja irú ìjà yìí ní kọ́ọ̀tù, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Jámánì, ọkùnrin kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, kò tíì jẹun, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ara ẹ̀, àtẹ̀gùn oníyípo gbé e ṣubú, eegun ẹ̀yìn ẹ̀ kan kán. Àwọn onínṣọ́ránsì ní àwọn ò sanwó, kọ́ọ̀tù kan dá a láre, èkejì dá a lẹ́bi, ó di December 2021 kí kọ́ọ̀tù tó ga jù nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tó sọ pé ìrìn àtorí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí tábìlì láàárọ̀ náà, ìrìn iṣẹ́ ni. Ìrìn iṣẹ́ tí kò wọ mọ́tò rárá! Ti Amẹ́ríkà ni ti ajá. Obìnrin kan l'Oregon tó ń bá ilé ìtajà JC Penney ta kọ́tìnì àti nǹkan ọ̀ṣọ́ ilé, gàráàjì ẹ̀ ló ń kó aṣọ tó fi ń han kọ́sítọ́mà sí, ó ń lọ kó aṣọ, ó kọsẹ̀ lára ajá ẹ̀, kọ́ọ̀tù dá a láre ní 2011. Òmíràn tó ń ṣiṣẹ́ nílé náà na ọwọ́ sí ife kọfí, òun náà kọsẹ̀ lára ajá, kọ́ọ̀tù Florida sì ní ní 2019 pé kò kan iṣẹ́, torí ajá yẹn ì bá wà nílẹ̀ bóun ń ṣiṣẹ́ bóun ò ṣiṣẹ́. Ajá méjì, ìdájọ́ méjì. Ẹni tó lọ kó ẹrù iṣẹ́ gba tiẹ̀, ẹni tó lọ mu kọfí ò rí nǹkan kan.

Lọ́dọ̀ tiwa, jẹ́n ni ajá wa. Mo ti bá àwọn èèyàn jiyàn lórí ẹ̀, bọ̀dá kan tó mọ̀wé ní jẹ́n náà ì bá wà nílẹ̀ kó tó di pé iṣẹ́ dé, bíi ti ajá Florida. Mo ní rárá o bọ̀dá. Bí kọ́ńpìnnì bá sọ pé láago méje alẹ́ kí ó wà lórí ìlà, tí wọ́n sì mọ̀ pé ibi tí iná kì í gbé dúró ló ń gbé, fífa jẹ́n nígbà yẹn ti di ara iṣẹ́, bí aṣọ inú gàráàjì ṣe di ara iṣẹ́ obìnrin yẹn. Bó bá jẹ́ pé fìrísà ẹran ló fẹ́ tan fún, tàbí bọ́ọ̀lù ló fẹ́ wò, tiẹ̀ nìyẹn, mi ò ní bá a jà fún un. Ibi tó ń ṣòro ni pé jẹ́n kan náà ló ń gbé láptọ́ọ̀pù, fìrísà, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù gbogbo ará ilé nígbà kan náà, ìdí nìyẹn tí àkókò fi ṣe pàtàkì: ṣé o wà lórí iṣẹ́ nígbà yẹn àbí o ti pa á? Ẹni tó bá ní ibi tó ń buwọ́ wọlé síṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ti ní ẹlẹ́rìí.

Ohun tó gba àbúrò mi là nìyẹn, pẹ̀lú WhatsApp. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn ti kọ ọ́ sínú gúrúùpù láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí kálukú máa ṣiṣẹ́ láti ilé, àti pé kí kálukú rí i dájú pé òun ní ohun tó lè fi tan iná bí NEPA bá mú un lọ. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é! Àṣẹ láti ṣiṣẹ́ nílé ló wà níbẹ̀ yẹn, àṣẹ láti fa jẹ́n ló tún tẹ̀ lé e. A ya fọ́tò ọ̀rọ̀ yẹn, a fi àkókò tó wọlé síṣẹ́ lálẹ́ yẹn sí i, a fi ìwé X-ray àti rìsíìtì sí i, ó kọ ímeèlì sí HR, ohùn HR sì yí padà, wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, ìwé ti wà lọ́dọ̀ NSITF báyìí.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ tó ń retí pé wọ́n á ṣàánú òun ni, kò ní rọrùn. Ọjọ́ 14 ni òfin fún òṣìṣẹ́ láti sọ fún ọ̀gá pé òun ti fara pa, ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí, ọdún kan sì ni èèyàn ní láti béèrè owó. Nínú ọjọ́ 14 yẹn ni àwa tiwa máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, tí gbogbo ẹbí ń sọ pé kó fi sílẹ̀, kó má lọ pàdánù iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ o, lórí ímeèlì tàbí WhatsApp, ẹ má pè nìkan, fóònù ò ní ẹ̀rí. Ẹni tó ṣì ń fẹnu lásán bá ọ̀gá ẹ̀ ṣe "máa ṣe é láti ilé," ẹ bẹ ọ̀gá kó kọ ìlà kan péré sílẹ̀ nígbà tára ẹ ṣì le. Àwọn kọ́ńpìnnì kan sì wà tó ń fún èèyàn ní fọ́ọ̀mù pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé, òṣìṣẹ́ ló ni ín. Fọ́ọ̀mù yẹn ò dí ẹnu ẹnikẹ́ni, òfin yẹn náà ló sọ pé òṣìṣẹ́ ò lè bá ọ̀gá ṣàdéhùn láti fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn wo ni kò wọ inú ẹ̀? Òfin gbòòrò ju bí ẹ ṣe rò lọ: àdéhùn ẹnu tàbí ti ìwé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, ẹni tó jẹ́ kázúà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá ẹ̀. Ẹni tó ń tọwọ́ kọ́sítọ́mà kan bọ́ sí tòmíràn fúnra ẹ̀ ni kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba iṣẹ́ lórí Upwork, ìkànnì tí èèyàn ti ń wá iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yàwòrán fún ẹni tó wà ní Kánádà. Kì í sì ṣe ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn ìyá wa n'Ógìdì ti ń hun aṣọ nínú ilé, lórí àṣẹ oníṣòwò, kó tó di pé a bí wa, ẹ̀yìn ń ro wọ́n, ojú ń ṣú wọn, ta ni HR wọn?

Àwa mélòó kan ní Kàbà tí iṣẹ́ wa rí báyìí ti ń sọ ọ́ pé ká máa dá owó díẹ̀ jọ lóṣooṣù bí èésú, ká máa fi gbé ẹni tó bá fara pa. A ti fẹnu kò lórí iye owó. Ohun tá ò tíì fẹnu kò lé lórí ni ọ̀kan nínú wa tó ní bí jẹ́n bá ṣe òun léṣe nígbà tí Arsenal ń gbá bọ́ọ̀lù ṣùgbọ́n tí láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ òun ń gba iná lọ́wọ́, owó òun pé.