Àyẹ̀wò ọdún: ológbò ìta tí kíndìnrín rẹ̀ ń dáṣẹ́ sílẹ̀

Oṣù Kejìlá ti wọlé, ìwé tí a ń kọ ìlera ológbò ìta sí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kí a tó ṣí òmíràn, ó yẹ ká jókòó ti èyí tó ń parí lọ: kí ló ṣiṣẹ́ fún ẹran tí àrùn kíndìnrín kò ní í fi sílẹ̀ mọ́, kí ló sì jẹ́ làálàá lásán? Ibi tí a fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé ìtọ́jú tó dára jù fún ológbò tí kò gbà kéèyàn di òun mú ni èyí tí a lè ṣe lónìí, ká tún ṣe é lọ́la, tí ẹran náà kò sì ní í tìtorí rẹ̀ sá kúrò nídìí abọ́. Bó bá sá lọ pẹ́nrẹ́n, oògùn ò tún sí mọ́, oúnjẹ ò sí, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ ohun tó ń ṣe é.

Ìwọ̀n ara ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú ìwé yẹn. Ojú ni í tan ni jẹ: ẹni tó ń rí ológbò lójoojúmọ́ kì í mọ ìgbà tó ń rù, irun sì máa ń bo egungun. A máa ń gbé ìwọ̀n pẹlẹbẹ oníbátìrì sílẹ̀, ká fi pátákó lé e lórí, ká tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo, ká wá gbé abọ́ sílẹ̀ níwájú pátákó náà, kó má ṣe wà lórí rẹ̀. Ológbò ò ní lè jẹun láìgbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e. Bí pátákó bá fi etí kan ògiri, tàbí tí igun rẹ̀ kan ilẹ̀, irọ́ ni nọ́ńbà tó bá jáde. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ológbò kílò 4 tó bá sọ gíráàmù 400 nù ti sọ ìdá mẹ́wàá ara rẹ̀ nù, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun à ń wò níran.

Ti omi mímu ṣòro ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára kíndìnrín ti sọnù kó tó di pé ìtọ̀ ń ṣàn bí omi lásán, nígbà náà ni ológbò á sì máa mu omi ṣáá. Èyí tó bá ń mu ju mílílítà 100 lọ fún kílò kan lójúmọ́ ti kọjá ààlà. Àmọ́ níta, oòrùn ń fa omi gbẹ, ológbò mìíràn sì ń mu níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kó gbé abọ́ kejì tó rí bákan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fi wáyà bò ó kí ẹran kankan má lè débẹ̀. Ohun tó bá dín nínú rẹ̀ ni oòrùn fà, kó yọ ọ́ kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ti ológbò mìíràn kò ṣeé yọ ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé ara lé nọ́ńbà yìí jù. Ohun kan ṣáá ni pé ẹ ò gbọdọ̀ fi omi dù ú nítorí pé ó ń tọ̀ jù. Ìtọ̀ yẹn ló ń fà á tó fi ń mu, kì í ṣe pé omi tó mu ló bà á jẹ́.

Ìdí pàkúté tí a fi ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá mú un lẹ ń ná nínú ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú yín, nítorí náà, ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n ṣe ohun gbogbo: ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìfúnpá, eyín, àyẹ̀wò FIV àti FeLV (kòkòrò àrùn méjì tó ń ba agbára ara ológbò jẹ́), abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bí wọn ò bá tíì ṣe é. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ fi okùn de ilẹ̀kùn pàkúté kó má lè ti. Oúnjẹ á kọ́kọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa sún un wọlé ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lójúmọ́, títí yóò fi kọjá irin tí ẹran ń tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó dé. Ẹni tó bá kánjú níbí, ológbò á na ọrùn gba orí irin náà jẹun, á sì bá tirẹ̀ lọ. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má dín omi. Ara ológbò oníkíndìnrín kì í pẹ́ gbẹ. Bí ilẹ̀kùn bá ti dé, aṣọ ni kẹ́ ẹ fi bo pàkúté lójú ẹsẹ̀. Òkùnkùn á mú un rọlẹ̀.

Ẹ sọ fún dókítà pé ológbò ìta ni, ìbẹ̀rù nìkan ti tó gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá sókè. Ṣúgà tó ga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti pè é ní àtọ̀gbẹ. Fructosamine, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn hàn, ni kí wọ́n wò. Ní ti creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ jáde, òṣùwọ̀n IRIS (ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kíndìnrín ẹran) fi 1.6 sí 2.8 mg/dL sí ìpele kejì àrùn náà, 2.9 sí 5.0 sí ìkẹta, ohun tó bá ju 5.0 lọ sí ìkẹrin. Ibí ni ìwé ìwọ̀n yẹn ti wúlò jù. Iṣan ara ni creatinine ti ń wá, nítorí náà ológbò tó ń rù lè mú nọ́ńbà tó sàn ju tèṣí lọ jáde, kí kíndìnrín rẹ̀ sì ti burú sí i. SDMA, èròjà mìíràn tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í tẹ̀ lé iṣan bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè fún un.

Oúnjẹ tí phosphorus rẹ̀ kéré ni wọ́n ń kọ fún irú wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó jẹ oúnjẹ tí kò pé sàn ju kó má jẹ rárá lọ, torí bí ológbò bá fi ọjọ́ díẹ̀ ṣàìjẹun, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá lè ya wọ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ èyí tó mọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ má gbé e fún un lásìkò tí èébì ń gbé e, torí oúnjẹ náà ni yóò di ẹ̀sùn náà rù, kò sì ní í fẹ́ ẹ mọ́ láé.

Wọ́n máa ń yin omi abẹ́ awọ, ìyẹn omi dírípù tí a ń fi abẹ́rẹ́ fà sábẹ́ awọ, gan-an, mílílítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún èyí tó bá gbà kí ẹ fọwọ́ kan òun, ó dáa, kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí abẹ́rẹ́ jẹ́ tuntun nígbà gbogbo. Bó bá wá ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan lójú oorun, ẹ dáwọ́ dúró kẹ́ ẹ pe dókítà, ọkàn lè máà gbé omi yẹn. Fún èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ṣíbí ńlá méjì tàbí mẹ́ta omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a pò mọ́ oúnjẹ inú agolo nígbà méjì lójúmọ́ kò ní ariwo nínú, òun la ó sì máa bá lọ.

Oògùn kò gbọdọ̀ wọ inú abọ́ tó kún. Òkèlè mẹ́ta ni: àkọ́kọ́ lásán, èkejì pẹ̀lú oògùn, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e kíákíá kó má baà ráyè tọ́ èkejì wò. Lẹ́yìn náà ni abọ́ tó dé. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ àwọn ológbò yòókù níbòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tára rẹ̀ dá ṣáṣá ni yóò gbé oògùn mì. Doxycycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kò ṣeé fún un ní gbígbẹ: ó lè há sí ọ̀nà ọ̀fun, kó bó o. Paracetamol ńkọ́? Ẹyọ kan lè pa á. Ibuprofen náà kò gbọdọ̀ débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú.

Ibùsùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kó ga kúrò nílẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, koríko gbígbẹ ni kó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe aṣọ tó ń fa omi mọ́ra.

Ó ku ìpinnu tí kò rọrùn. Ọrùn tó dorí kodò kì í ṣe òpin, potassium ló sábà máa ń kéré, wọ́n sì lè fi kún un. Ojú tó ṣàdédé fọ́, tí ẹyinjú dúdú fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni kẹ́ ẹ fura sí, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Èyí tó bá ń rù láìdúró, tó ń jókòó ti omi láìmu, tí kò sì dìde fún oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, ti ń lọ. Ológbò tó bá ti wọ́ wọ abẹ́ igbó, ẹ kì í sábà rí i mú mọ́, nítorí náà kí dókítà fi abẹ́rẹ́ mú un sùn, kó kú láìjẹ̀rora, nígbà tó ṣì ń wá sídìí abọ́, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá díẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé tuntun ni kẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n tí yóò mú yín gbé pàkúté jáde sí, pẹ̀lú nọ́ńbà dókítà, àti orúkọ ẹni tí yóò máa bọ́ ọ bí ẹ kò bá sí nílé.