Ìda oyin àbí ìda igi: ibi tí báàmù dé báyìí

Ó dì! Ó dì, ó dán, kókó kan ò sì sí nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yọ̀ ná kí n tó máa ṣàlàyé, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá báàmù yìí bọ̀, ẹ mọ ohun tójú mi ti rí lọ́wọ́ ẹ̀.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò mi tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló pè lọ́jọ́ kan tó ní òun ò fi nǹkan ẹranko para mọ́. Mo ní ó dáa, báàmù mi ò kúkú ní ọ̀rá màlúù nínú. Ó ní ìda oyin ńkọ́? Mo ní ìyẹn náà? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oyin ló ni ìda ẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí tèmi." Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, ni mo bá ní màá wá ìda igi.

Òrí ti yọ́, mo ti sẹ́ ẹ. Àdí àgbọn wà nílẹ̀. Agolo ti fọ̀, ó ti gbẹ. Àwọn ìyẹn ò ní wàhálà kankan.

Ìda ni wàhálà. Ẹ mọ̀ pé ìda oyin kì í dààmú èèyàn, tí omi bá ti gbóná tí tẹmómítà sì dé 62 sí 64 ní Celsius ó ti yọ́ nìyẹn, ẹ da òrí àti àdí sí i, ẹ rò ó, ó parí. Gíráàmù 20 nínú 100 ni mo máa ń lò fún ooru Ìbàdàn, torí àdí àgbọn ń yọ́ láti 24, kì í dì níbí lọ́sàn-án rárá, òrí náà á sì ti máa rọ̀ lójú oòrùn, ìda yẹn nìkan ló ń di gbogbo wọn mú. Àwọn tó wà ní ìlú òtútù lè dín in kù dáadáa.

Ìda igi méjì lèmi rí. Èkíní ni carnauba, ara ewé ọ̀pẹ kan ní apá àríwá ìlà-oòrùn Brazil ni wọ́n ti ń gbọ̀n ọ́n, òun náà ni wọ́n máa ń pò mọ́ nǹkan tí wọ́n fi ń dán mọ́tò. Èkejì ni candelilla, igi kékeré inú aṣálẹ̀ Mẹ́síkò. Carnauba ni mo kọ́kọ́ rí rà ní Ọjọ́ta, nítorí náà òun ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìda yẹn le! Ó di 82 sí 86 kó tó yọ́, tẹ́ ẹ bá wá da òrí tí ò gbóná tó bẹ́ẹ̀ lé e lórí, ìda á sáré dì kó tó ráyè dà pọ̀, á wá fọ́n ká inú báàmù ní tíntìntín. Mo rò ó, kò gbọ́. Mo dá a padà sórí iná, ó yọ́, ó tutù, kókó tún yọjú.

Ibi tó wá dààmú mi jù ni pé kókó yẹn ò dáwọ́ dúró kódà nígbà tí mo fi carnauba sílẹ̀ tí mo bọ́ sórí candelilla, tó sì jẹ́ pé 68 sí 73 péré ló ń yọ́. Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo rí i pé oríṣi kókó méjì ló wà, ọ̀tọ̀ sì ni oògùn ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ bu díẹ̀ sórí ìka ìfábẹ̀lá, ẹ fi àtàǹpàkò rọra rà á. Tí kókó bá yọ́ dànù, òrí ni. Tó bá dúró gírígírí bíi gàrí, ìda ni. Ti carnauba, gàrí ni. Ti candelilla, ó ń yọ́, à ṣé òrí ni mo ń bá jà látìgbà yẹn tí mo ń bú ìda tí ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọ̀rá tó le àti ọ̀rá tó rọ̀ ló jọ wà nínú òrí. Tó bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, èyí tó le á ti kó ara ẹ̀ jọ sọ́tọ̀ kí èyí tó rọ̀ tó dì, òun ló ń di kókó. Ó gbọ́dọ̀ tutù kíá ni. Ẹ sì mọ iná wa, bí mo ṣe ń gbé agolo sínú fíríìjì ni wọ́n ń mú un lọ, inú fíríìjì á wá máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò tiẹ̀ wojú wọn, mo ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá tó ń ta omi tútù, mo fọ́ ọ sínú kúlà, mo tẹ́ agolo lé e, mo dé e pa. Kí n tó gbé e síbẹ̀ mo ti yọ́ candelilla nínú àdí díẹ̀, mo gbé òrí náà sórí omi gbígbóná nínú abọ́ tiẹ̀ kí méjèèjì gbóná dọ́gba, mo wá ń da òrí sí i díẹ̀díẹ̀, mò ń rò ó lọ, abọ́ ò kúrò lórí omi títí tó fi dà pọ̀. Gíráàmù 10 ni o, ẹ má lo 20 tí à ń lò fún ìda oyin, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣíbí ha báàmù lára agolo.

Ọ̀rọ̀ ìda oyin tiẹ̀ mú mi rántí: ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́yìn ti fi ìda àbẹ́là lú u. Ẹ máa ṣẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìda oyin gidi máa ń kán ni, ojú ibi tó ti kán á rí ṣákaṣàka, á sì máa rùn bí oyin. Ti ẹni yẹn ń yọ̀ lọ́wọ́, kò rùn bíi nǹkan kan. Òrí ní tiẹ̀, ìyá tí mo ń ra á lọ́wọ́ ẹ̀ ní Ṣakí ni mo dì mú. Láti oṣù kẹjọ 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n má kó èso òrí tí wọn ò tíì fún jáde nílùú fún oṣù mẹ́fà, gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ni ọ̀rọ̀ iye tí èso ń lọ máa ń gba kírẹ́díìtì mi tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ti igi ló ń ṣe ara lóore, ti ẹranko ló ń dí ihò ara, mi ò gbà o. Àdí àgbọn tó wá látara igi yìí ń mú irorẹ́ yọ sójú ẹlòmíì. Lanolin ńkọ́, tó jẹ́ ọ̀rá ara irun àgùntàn, òun làwọn ọlọ́mọ fi ń pa orí ọmú tó bá là. Ìgbín tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù fọ omi ẹ̀ dànù ní Bódìjà, omi ẹ̀ náà làwọn ará Kòríà ń rọ sínú ìgò tí ẹ̀yin ọmọ Èkó ń fowó gidi rà. Ohun tí èèyàn ò bá fẹ́ nítorí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀rí ọkàn, ìyẹn yé mi, kò pọn dandan ká purọ́ mọ́ ọ̀rá.

Ti ẹ̀sìn yẹn gan-an, Alhaja ilé kejì ló fún mi níṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kírímù yín yẹn, ṣé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ẹ̀?" Mo fẹ́ ní rárá o ma, mo wá rántí stearic acid, ìyẹn ohun tí mo fi ń mú kírímù náà ki. Ọ̀rá ẹranko ni wọ́n lè fi ṣe é, epo ọ̀pẹ náà sì ni wọ́n lè fi ṣe é, funfun kan náà ni méjèèjì. Glycerin náà, ọ̀rá ẹranko tàbí epo igi ni wọ́n lè fi ṣe é. Mo bi ẹni tó tà á, ó ní "Aunty, original ni." Mo ti gbé ike yẹn tì, mi ò ní ra òmíì àfi èyí tí wọ́n bá kọ ibi tó ti wá sí i lára.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé látòní lọ candelilla ni gbogbo báàmù mi, àmọ́ kí n tó jókòó kọ èyí mo fi tuntun pa gìgísẹ̀ ọ̀tún, mo fi ti ìda oyin pa òsì, mo wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ wò báyìí. Òsì ṣì ń lẹ̀, ọ̀rá ẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, ọ̀tún dán o, àmọ́ ìbọ̀sẹ̀ ti mu ìdajì ẹ̀. Ó dáa, ti ẹsẹ̀ lílà á ṣì máa jẹ́ ìda oyin. Candelilla á máa lọ sí ti ètè, dídán yẹn ló yẹ ètè, kò sì ní máa lẹ̀ mọ́ ife tíì. Ti ètè nìkan ni àbúrò mi máa gbà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kúkú là.

Àwọ̀ ètè ló kàn. Carmine, àwọ̀ pupa tó pọ̀ nínú lípsítíìkì, kòkòrò ara ọrọ́ ni wọ́n ń lọ̀ ṣe é, Peru ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, ìyẹn ò lè wọ Peckham láéláé. Osùn ni mo fẹ́ lò, mo ti rẹ díẹ̀ sínú àdí látàná, àwọ̀ ẹ̀ wuyì, àmọ́ ìyẹ̀fun ẹ̀ ń ha ètè. Mo ti fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kò tó. Bóyá aṣọ síìfọ́ọ̀nù ni màá fi jọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ta osùn tó kúnná dáadáa ní Ọjà'ba, ẹ bá mi dárúkọ ìsọ̀ ẹ̀ kí n tó lọ lọ́jọ́ Sátidé.