Ìdí Sienna mi ti gbéra

Ẹ bá mi kí mẹkáníìkì mi o! Sienna tí mo fi ń kó iṣu láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn ti gbé ìdí sókè lónìí. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ti di ẹrù sí i tán, ìdí rẹ̀ á wọlẹ̀, imú á yọ sókè bíi ti ẹṣin tó fẹ́ ju ẹni tó gùn ún, iná iwájú á sì máa wo ojú ọ̀run. Gálọ́ọ̀pù kékeré báyìí, gbàù! Sàlẹ́ńsà ti gbálẹ̀.

Ẹnì kan ní ká ki rọ́bà líle bọ àárín sípíríǹgì. Mo ní rárá. Bí ẹrù bá kúrò, rọ́bà yẹn ṣì wà níbẹ̀, ọkọ̀ á wá máa fò kiri. Àbúrò mi tó wà ní Houston ló fi àpò afẹ́fẹ́ Air Lift 1000 ránṣẹ́, ìyẹn àpò tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú sípíríǹgì kí ìdí ọkọ̀ má bàa wọlẹ̀. Bọ̀dá mẹkáníìkì fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó tẹ afẹ́fẹ́ inú àpò náà jáde, ó ká a, ó sì tì í sínú sípíríǹgì. Ọ̀nà tí okùn afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbà ni mo ṣọ́ jù: kò gbọdọ̀ sún mọ́ sàlẹ́ńsà, ooru á yọ́ ọ.

Fọkanáísà ti fẹ́ máa fẹ́ ẹ bíi táyà ajàgbé. Mo ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n! 35 PSI ni òpin rẹ̀." PSI yìí ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, 5 ti tó.

Àpò yìí ò fi kún agbára bíréèkì tàbí táyà o. Ẹrù tí wọ́n ní kí ọkọ̀ gbé náà ló ṣì máa gbé. Àmọ́ ìyá oníṣu ti ń bi mí bóyá àyè àpò gàrí méjì ò ti yọ báyìí.